Tábìlì Tí Wọ́n Gbé Jáde Nílé Ìfọṣọ

Yàrá Àwọn Ọmọ Ọwọ́,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ,
Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Oníbíríkì.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹjọ.

Kápútéènì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé èyí tó máa ń jẹ èékánná ti jáwọ́, àbí èkejì náà ti kọ́ ọ lára rẹ̀? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé iṣẹ́ wọn ṣì ń lọ ní irú àkókò yìí? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n lọ́jọ́ sí, ṣé wọ́n ti lè gun àtẹ̀gùn láìdi èjìká rẹ mú? Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni mo kọ̀wé, wọ́n á ní kí o kà á sókè kí àwọn náà gbọ́. Jọ̀ọ́, má ka èyí fún wọn. Sọ fún wọn pé mo kí wọn, pé ọmọ mi ti ń rìn, kí o wá yára yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn.

Bàtà tí ó ti há mọ́ àwọn ìbejì lẹ́sẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ṣì tóbi díẹ̀ fún Adájọ́, ṣùgbọ́n kò gbà ká bọ́ ọ, kódà tó bá ń sùn. Adájọ́ ni gbogbo wa ń pe ọmọ mi báyìí, torí bó ṣe máa ń wo èèyàn láìrẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ti gbọ́ ẹjọ́ ẹ tán tó kàn ń ro iye ọdún tó máa fún ẹ.

Má jẹ́ kí àdírẹ́sì tó wà lókè yẹn yà ọ́ lẹ́nu. Ibẹ̀ gan-an ni mo wà. Orí àga kékeré tí àwọn ọmọ ń lò ni mo jókòó sí, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi, orí ìdérí àpótí ìṣeré wọn ni mo sì ti ń kọ̀wé. Èmi nìkan ni mo wà níbí. Ilẹ̀kùn wà ní títì, èmi fúnra mi ni mo tì í láti inú. Ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Mo fẹ́ sọ ìyẹn ná kí n tó sọ nǹkan mìíràn, torí tí mo bá fi àwàdà bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, wàá rò pé eré ni. Mo fọ ọwọ́ mi kí n tó mú báírò. Mo tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí mo kí ìyá ọkọ rẹ tán. Bí mo ṣe wà nìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìfọṣọ wa kì í ṣe èyí tí èèyàn ń kó ṣẹ́ẹ̀tì méjì wá sí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì là ń fọ̀, pẹ̀lú táwẹ̀lì àti aṣọ orí tábìlì ìjẹun wọn. Ẹ̀rọ ńlá mẹ́rin ló wà nínú yàrá ìfọṣọ, yàrá ìlọṣọ wà níwájú rẹ̀, yàrá kékeré tí mo wà yìí ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri rẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ torí ooru àwọn ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá wa obìnrin ló ní ká máa kó àwọn ọmọ wa síbẹ̀. Wọ́n ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn kí àwọn máa gbọ́ igbe ọmọ ju kí àwọn máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ìyá tó fẹ́ tètè lọ sílé. Torí yàrá yìí ni mi ò ṣe wá iṣẹ́ mìíràn láti ìgbà tí mo ti bímọ. Níbo ni mo tún fẹ́ rí ibi tí ọmọ mi á ti máa sùn lẹ́yìn ògiri, tí mo lè fi etí gbọ́ ọ tó bá jí?

Nígbà tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn èèyàn, ibà àti ikọ́ tí kò sẹ́ni tó tíì mọ ibi tó ti wá, Ọ̀gá wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nílùú mìíràn. Bí wọ́n ṣe ní kí ẹnikẹ́ni má rìnrìn àjò mọ́ nìyẹn. Ọ̀nà tì mọ́ wọn lẹ́yìn. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ní kí n máa mójú tó ilé ìfọṣọ títí àwọn á fi dé. Mo ní Ìyá Aláyọ́nù ńkọ́? Ìyá Aláyọ́nù ni ẹni tó ń bójú tó yàrá ìlọṣọ, àwọn ló dàgbà jù láàárín wa, àwọn àti Ọ̀gá ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìfọṣọ yìí. Ọ̀gá ní, "Ìyá Aláyọ́nù mọ iṣẹ́ tí à ń ṣe tẹ́lẹ̀ ju èmi alára lọ. Iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ yẹn ni mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà. Ìwọ tó o máa ń bi mí ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mejì ni mo fẹ́." Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn nìyẹn àbí èébú. Mo lọ sí ilé ìtọ̀, mo sunkún, mo bọ́jú, mo jáde.

Kápútéènì, ìwọ lo mọ̀ mí. Gbogbo ọdún tí o fi jẹ́ olórí kíláàsì, ṣé mo jẹ oyè kankan? Wọ́n fi mí ṣe olùtọ́jú dọ́sítà nígbà kan, mo sì sọ ọ́ nù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ kúkú ń pè mí nígbà yẹn.

Kò pẹ́ tí òtẹ́ẹ̀lì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àlejò ò wá mọ́, aṣọ ò dọ̀tí mọ́. Àwọn ẹ̀rọ dákẹ́. O ò mọ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń ba èèyàn lẹ́rù tó, pàápàá tó o bá ti mọ́ ọn lára pé ilẹ̀ máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Onílé bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọkùnrin kan wá, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn yàrá, wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n máa to àpò sìmẹ́ǹtì sí bí ẹni pé a ti kú. Ọ̀kan nínú wọn ṣí ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ, Adájọ́ sì wò ó títí ó fi tún un pa.

Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì àgbà kan wá láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ibùsùn àwọn ti kún, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ò tó, ibi tí àwọn ti ń fọṣọ ò lè gbé e mọ́. Ṣé a lè bá àwọn fọ̀ ọ́? Iṣẹ́ wà nínú ẹ̀ ju ti òtẹ́ẹ̀lì lọ, onílé á sì kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n aṣọ tí àwọn tó ní àìsàn yẹn ti sùn lé ni.

Mo ní kí n ṣe é bí mo ṣe máa ń rí ọ tí o ń ṣe é. Mo gun orí àpótí ọṣẹ. Mo gbé ohùn sókè. Mo ní láti ọ̀la, aṣọ ilé ìwòsàn la ó máa fọ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ kó kó ẹrù ẹ̀. Ìyàwó Káfíńtà, obìnrin kan tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí oyún rẹ̀ ti yọ dáadáa, tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ, wò mí láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ní, "Ṣé ká máa dọ̀bálẹ̀ ni, àbí ìkúnlẹ̀ ti tó?" Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Ìyá Aláyọ́nù nìkan la wá síbi iṣẹ́. Dírẹ́bà wa wá ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu géètì, ó yí gíláàsì sókè, kò bọ́ sílẹ̀.

Mo rò pé mo ti bà á jẹ́. Ìyá Aláyọ́nù ò bá mi wí. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ìwọ náà ńkọ́, ẹ̀rù ò bà ọ́?" Mo ní ẹ̀rù ń bà mí débi pé mi ò lè jẹun. Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí o ò sọ ìyẹn lórí àpótí?"

Ni mo bá ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wá, mi ò ní pàṣẹ. A kó àga sí àgbàlá, a fi àyè sílẹ̀ láàárín wa. Mo sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ ká gba iṣẹ́ yìí, pé ẹ̀rù ń bà mí, pé ẹni tó bá rò pé Ọ̀gá sọ àṣírí kan fún mi, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ní kí kálukú sọ ohun tó ń ba òun lẹ́rù gan-an. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rò pé ẹ̀rù kan náà ló ń ba gbogbo wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ Ìyá Aláyọ́nù ní ààrùn àyà, òun ni wọ́n ń rò. Dírẹ́bà ń bẹ̀rù pé àwọn ará àdúgbò òun ò ní jẹ́ kí òun gbé ọkọ̀ síwájú ilé mọ́. Ìyàwó Káfíńtà fọwọ́ lé ikùn, ó ní, "Ẹni tó wà nínú ibí yìí ò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ibà ló máa kọ́kọ́ kí i káàbọ̀." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan tí kò tíì lọ́kọ, tí wọ́n ń dá gbé, ní àwọn ò bẹ̀rù àìsàn náà tó bí àwọn ṣe ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ bọ́.

Bí a ṣe sọ ọ́ síta, ó wá ṣeé pín. Ẹni tó ní arúgbó tàbí oyún á wà níhà aṣọ mímọ́, ọ̀nà iwájú ni á máa gbà wọlé. Èmi àti àwọn ọmọ ìyá méjèèjì á wà níhà aṣọ ìdọ̀tí. Dírẹ́bà á máa gbé ọkọ̀ sílẹ̀ nílé ìfọṣọ, á máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Mo tún ní kí a máa dúró ní àgbàlá láràárọ̀ kí a tó ṣí àpò kankan, kí kálukú sọ ohun tí kò lọ dáadáa lánàá àti ohun tó yẹ ká yí padà, àti pé ẹnikẹ́ni ló lè sọ pé "Ẹ dúró," tó bá sì ti sọ ọ́, gbogbo ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró, ì báà jẹ́ Ọ̀gá fúnra wọn ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ pé èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Inú mi ti ń dùn. Ìyàwó Káfíńtà wá ní, "Yàrá àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ó ti wà lọ́kàn gbogbo wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Ẹ̀yìn yàrá ìfọṣọ ló wà, ọ̀nà ìhà ìdọ̀tí ni wọ́n ń gbà dé ibẹ̀. Mo fẹ́ jiyàn. Mo fẹ́ sọ pé a lè fi nǹkan dí ìdí ilẹ̀kùn. Kápútéènì, torí yàrá yẹn ni mo ṣe ń jà kí ilé ìfọṣọ má tì, òun náà ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ. Mo ní, "Wọn ò lè wà níbẹ̀ mọ́." Ẹnu mi ló ti jáde, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Ọkọ mi ló gbà wọ́n. O mọ̀ pé bíríkìlà ni, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti dúró, ó kàn ń jókòó sílé tó ń ka ògiri. Ó ní kí a kó àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ọlọ́mọ. Ó dá wọn lóhùn pé kí wọ́n kó tiwọn náà wá, ọṣẹ ṣì wà. Mo wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bá àwọn ọmọ tí wọ́n sùn lórí ẹní, ó tò wọ́n gún régé bíi búlọ́ọ̀kù, ó fi àyè sáàárín wọn bí ẹni tó fẹ́ da sìmẹ́ǹtì sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an ni mo dé yìí.

Nílé ìfọṣọ wa, kò sí aṣọ tó ń kan omi láìjẹ́ pé a gbọn ọ́n. Tábìlì igi gígùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìfọṣọ, ọwọ́ ti pa á lára títí ó fi ń dán. Ibẹ̀ là ń gbé àpò lé. Wàá di aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú létí, wàá gbé e sókè, wàá gbọn ọ́n sórí tábìlì kí ohun tí àlejò bá gbàgbé sínú rẹ̀ lè jábọ́: yẹtí, kọ́kọ́rọ́, eyín àtọwọ́dá pàápàá. Òrùka ìgbéyàwó kan jábọ́ síbẹ̀ nígbà tí ilé ìfọṣọ ṣì kéré, Ọ̀gá dá a padà, torí ẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì ò ṣe gbé iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn láti ìgbà náà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbígbọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọ. Ìyá Aláyọ́nù máa ń dúró lẹ́yìn mi nígbà yẹn, wọ́n á ní, "Gbọn ọ́n, má bá a jà." Ó ti wọ̀ mí lára débi pé nílé, mi ò lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìgbọn aṣọ rẹ̀. Ọkọ mi máa ń bi mí pé kí ni mò ń wá.

Nọ́ọ̀sì wá, wọ́n fi ọwọ́ lé tábìlì yẹn gan-an, wọ́n ní ohun tí àwọn ń bẹ̀ wá fún jù lọ ni pé ká má gbọn aṣọ àwọn aláìsàn, torí ohun tó wà lára rẹ̀ á fò sókè, a ó sì fà á símú. Ká rọra ká a, ká tì í sínú ẹ̀rọ. Gbogbo wa ní a ti gbọ́. Lóòótọ́ la gbọ́. Ọwọ́ wa ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí à ń gbọ́.

Èmi ni mo ní kí n ṣí àpò àkọ́kọ́. Mo rò pé ohun tó yẹ kí n ṣe nìyẹn, kí wọ́n rí i pé mi ò rán wọn níṣẹ́ tí èmi ò lè jẹ́. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo so ìbòmú, èyí tí wọ́n fún mi tóbi, ó ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀. Mo gbé àpò lé tábìlì torí ibẹ̀ là ń gbé àpò lé. Mo di aṣọ mú létí. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, aṣọ ti lọ sókè, mo ti gbọn ọ́n, ó ti dún pàù bó ṣe máa ń dún, ìbòmú mi sì ti wà ní àgbọ̀n.

"Ẹ dúró."

Ìyàwó Káfíńtà ni, láti ojú ihò tí a fi ń ti aṣọ mímọ́ sí ìhà kejì. Kò pariwo. Gbogbo ọwọ́ dúró. Mo dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni pé mi ò gbọn ọ́n, pé atẹ́gùn ni. Wọ́n ń wò mí. Mo wá rò pé tí mo bá purọ́ yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ṣe irú ẹ̀ lọ́la á purọ́ pẹ̀lú, a ò sì ní mọ ibi tí àìsàn gbà wọlé. Mo ní, "Mo gbọn ọ́n. Ìbòmú mi sì ti yọ̀." Mo ti aṣọ náà sínú ẹ̀rọ.

A pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí n wà lọ́tọ̀, kí n má sún mọ́ ọmọ mi, títí àwọn á fi ní ó tó. Kò sí ibòmíràn tó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì àti fèrèsé àti omi bíi yàrá yìí. Bí mo ṣe padà sínú yàrá àwọn ọmọ nìyẹn, láìsí ọmọ kankan.

Àmì ọwọ́ wọn ṣì wà lára ògiri, nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń di ògiri mú rìn. Mò ń fọwọ́ kan iwájú orí mi ní gbogbo ìgbà. Tí mo bá fi ọwọ́ ọ̀tún kàn án, á dà bíi pé ó gbóná, tí mo bá fi tòsì kàn án, á tutù. Tí mo bá húkọ́ báyìí, mo máa ń dúró kí n gbọ́ bóyá òmíràn ń bọ̀. Mo máa ń rò ó pé kí ni Adájọ́ á máa pe ẹni tó bá tọ́ ọ. Má bínú, mi ò ní tún kọ irú ẹ̀ mọ́.

Mo gba ẹnu ọ̀nà bá Ìyá Aláyọ́nù sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n sọ ẹni tó máa ṣe olórí nígbà tí mi ò sí. Wọ́n ní, "Lọ sùn. A ó pè ọ́ tí a bá nílò rẹ." Ó dùn mí. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní tó kúrú, ẹsẹ̀ mi wà nílẹ̀, mo fi etí lé ògiri. Bí ẹ̀rọ bá ń dún, ọkàn mi á rọlẹ̀ díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ ò dún. Mo gbọ́ tí wọ́n dúró ní àgbàlá bí a ṣe máa ń ṣe, mo gbọ́ ohùn wọn, ohùn náà lọ sókè. Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́. Mo wá gbọ́ tí nǹkan wúwo kan ń wọ́ nílẹ̀, tí ọkùnrin kan ń sọ pé kí wọ́n dì í mú níbẹ̀ yẹn, kí wọ́n rọra. Mo ní àwọn èèyàn onílé ti dé, wọ́n ń kó wa jáde. Mo lu ògiri, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo dìde, mo di kọ́kọ́rọ́ mú. Tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, àárín wọn ni mo fẹ́ já sí, èmi tí mi ò mọ ohun tó wà lára mi. Tí mi ò bá ṣí i, ilé ìfọṣọ lè lọ lójú mi. Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Mo yọ ọwọ́ mi kúrò lára kọ́kọ́rọ́, mo sì jókòó lé ọwọ́ náà lórí kó má baà padà lọ.

Dírẹ́bà ló yọ sí ojú fèrèsé, ó ń làágùn. Ọ̀gá Kékeré ló máa ń pè mí láti ìgbà tí mo ti gun orí àpótí ọṣẹ.

"Ọ̀gá Kékeré, a ti gbé e jáde."

"Kí lẹ gbé?"

"Tábìlì. Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ta ló kan nǹkan yẹn gan-an, ṣé ó fẹ́ kí erin jókòó sí i ni?"

Ó sọ bó ṣe jẹ́ fún mi. Nígbà tí wọ́n dúró láàárọ̀, èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ ìyá méjèèjì ló sọ̀rọ̀. Ó ní ọwọ́ òun gbé aṣọ sókè lánàá láti gbọn ọ́n, òun tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, òun tó sunkún torí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ti òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó Káfíńtà wá ní kò sí ìgbà tí ọwọ́ ò ní máa gbọn aṣọ níwọ̀n ìgbà tí tábìlì yẹn bá wà níbẹ̀. Ìyá Aláyọ́nù ní rárá. Wọ́n ní iwájú tábìlì yẹn ni àwọn ti di èèyàn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ìyá Aláyọ́nù bú omi ọṣẹ, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n fọ tábìlì náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun fúnra wọn, wọ́n ní kí wọ́n gbé e. Ní báyìí, ẹnu ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n ń gbé àpò lé, nílẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ni wọ́n fi ń ti aṣọ wọlé. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gbọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì lórí ìkúnlẹ̀.

Wọn ò bi mí. Ó dùn mí fún ìgbà díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo wá rò ó pé ká ní wọ́n ti ń dúró dè mí ni, àbúrò yẹn ì bá ti gbọn aṣọ òní pẹ̀lú.

Mo bẹ̀rù láti sọ fún Ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n pè, mo sọ ọ́ kíá kí n má baà padà sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ta ló gbé e?" Mo ní gbogbo wọn ni, èmi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kán?" Mo ní kò kán. Wọ́n ní, "Ó dáa. Mo ti ń bẹ̀rù pé wàá ní ìwọ lo pàṣẹ ẹ̀."

Tábìlì náà kò gba ẹnu géètì. Abẹ́ fèrèsé mi ni wọ́n gbé e sí. Ọkọ mi máa ń gbé Adájọ́ wá ní ìrọ̀lẹ́ kí n lè rí i, ó máa ń gbé e sókè títí apá á fi ro ó. Lánàá, ó gbé e dúró sórí tábìlì, ojú ọmọ mi wá wà ní déédéé ojú mi. Ó wọ bàtà àwọn ìbejì. Ó wò mí pẹ̀lú ojú rẹ̀ yẹn. Mo fi ọwọ́ kan gíláàsì, òun náà fi ọwọ́ kàn án, gíláàsì tutù. Ó wá mú aṣọ tí bàbá rẹ̀ fi bo èjìká rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú létí, ó gbé e sókè, ó gbọn ọ́n. Ó wá wo orí tábìlì láti rí ohun tó jábọ́.

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá yí ojú sí ògiri. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ti ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà yìí ni gbogbo ìgbà.

Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́la láti wo bí ara mi ṣe gbóná tó. Tó bá dáa, mo lè máa lọ sílé. Ọ̀fun mi gbẹ nígbà tí mo jí lónìí. Ó lè jẹ́ ẹkún. Mi ò mọ̀. Tí o bá rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé ẹlòmíràn ló wà lórí ìwé tó tún dé sí ọ láti ibí, jókòó kí o tó ṣí i. Má wá o, ohunkóhun tí o bá gbọ́, má kó àwọn ìbejì wá síbí.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan tí mi ò bi ọ́ rí. Ọjọ́ tí èéfín bo kíláàsì wa, tí tíṣà ti sá jáde, tí o dúró níwájú tí o ń pè wá ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wa fi jáde, ṣé ẹ̀rù bà ọ́? A máa ń sọ láàárín ara wa pé o ò mọ ẹ̀rù. Jọ̀ọ́, sọ fún mi pé ó bà ọ́.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, kí o bá mi fa àwọn ìbejì létí díẹ̀ ní orúkọ mi. Ìyá Aláyọ́nù ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́. Wọ́n gbọ́ pé ìwé ni mò ń kọ. Dírẹ́bà ni yóò gba ìwé yìí lójú fèrèsé.

Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri báyìí. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń dún, mo lè dá ohùn wọn mọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n tàn wọ́n.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí, nínú ẹ̀rù yìí náà,

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Ìyá Adájọ́.